Ọwọ́ Tó Gbé Kòrónà Fún Mi

Ẹ̀gẹ́ ni mo ń bẹ lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà. Mo dìde láti lọ bu omi tí n ó fi fọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, èémí mi ò tíì dé. Mo di ògiri mú, mo ń dúró dè é. Kò sí ibi tó ń dùn mí. Afẹ́fẹ́ tí mo ń fà sínú ni kò dé ibi tí mo rán an. Mo sọ fún ara mi pé oòrùn ni, mo sì padà sídìí ẹ̀gẹ́ mi, nítorí èmi kì í ṣe ẹni tó mọ ìjókòó í jókòó.

Nítorí àwọn tí irú rẹ̀ lè bá ni mo ṣe fi èyí ṣáájú. Ikọ́ àti ibà ni wọ́n ní ká máa ṣọ́ nínú rédíò. Èmi ò wúkọ́. Ara mi kàn ń gbóná díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ sì ń korò lẹ́nu mi. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ẹ̀jẹ̀ ríru tún ń bẹ lára rẹ̀ bíi tèmi, àrùn náà lè yọ́ wọlé bá a láì kan ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá rí àgbà tó ń mí bí ẹni tó sáré, tí kò sì sáré, ẹ má dúró de ikọ́ o.

Èrúnmú ni ilé mi, nínú ilé tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún wa. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí kòrónà kọ́kọ́ dé, kí ìjọba tó ti ohunkóhun pa, mo ti mọ ohun tí n ó ṣe. Mi ò lọ sí ìjọ aládùúrà wa mọ́, inú yàrá ni mo ti ń gbàdúrà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé nítòsí ló ń bá mi ra nǹkan lọ́jà. Á gbé e sórí pèpéle, á kí mi láti ìta, á máa lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́dún yẹn, orí gbogbo ọmọ tuntun ì bá wọ́, ilé ni mo wà. Mò ń rìn káàkiri yàrá bí adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn.

Ọmọkùnrin méjì ni mo ní. Ṣèyí tó jẹ́ àgbà ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwádìí kan lọ́nà Mọ́níyà. Délé àbúrò rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì ní Adégbàyí, ibẹ̀ náà sì ni Ṣadé ìyàwó rẹ̀ ti ń ránṣọ. Ṣèyí àti Délé kì í fẹnu kò lórí kòrónà yìí. Ṣèyí ní kí wọ́n ti gbogbo ìlú pa, kí ẹnikẹ́ni má yọjú síta. Délé ní ẹni tó ń gba owó oṣù ló lè sọ bẹ́ẹ̀, pé kí wọ́n ṣọ́ àwọn arúgbó dáadáa, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó lágbára lọ wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Wọ́n á máa fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lórí fóònù, èmi náà á wà lórí fóònù kan náà. Arúgbó tí wọ́n ń torí rẹ̀ jà, wọn ò bi í léèrè nǹkan kan. Inú máa ń bí mi, n ó sì pa fóònù.

Ìgbà tó yá, àṣẹ kónílé-ó-gbélé dé. Bọ́ọ̀sì Délé dúró, ṣọ́ọ̀bù Ṣadé tì, oúnjẹ ilé wọn sì ń lọ sópin. Ilé làbọ̀ simi oko. Wọ́n kó àwọn ọmọ wọn, wọ́n wá bá mi ní Èrúnmú, níbi tí ẹ̀gẹ́ àti ewébẹ̀ wà lóko. Kí ni ǹ bá ṣe? Ṣé n ó lé ọmọ tí mo bí ni? Ká má purọ́, inú mi dùn púpọ̀, torí ògiri ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí.

Ṣadé kì í ṣe ọmọ aláìgbọ́n. Ó rán ìbòmú fún gbogbo wa, ó gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ wọ yàrá mi. Òun nìkan ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Ṣùgbọ́n ilé ire ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá bu omi fún àgbà níbi tiwa, ó ní láti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí àgbà lè mọ̀ pé kò sí ewu nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ayé òde òní kì í ṣe é mọ́, Ṣadé ń ṣe é. Á kúnlẹ̀, á fa ìbòmú rẹ̀ wálẹ̀ sí àgbọ̀n, á mu ẹnu kan, á fi ife náà lé mi lọ́wọ́, á wá fa ìbòmú rẹ̀ padà sókè. N ó sì súre fún un. Kò sí ẹnì kan nínú wa, pẹ̀lú gbogbo ọṣẹ tí a fi ń fọwọ́, tó ronú kan ife yẹn.

Lọ́jọ́ kan láàárín àkókò yẹn, ẹ̀wà jóná mọ́ Ṣadé lọ́wọ́. Èéfín gba ilé, òun náà sì wà nídìí rẹ̀ tí kò mọ̀. A fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ní oyún tuntun ló dé. Ó ní òun ò gbọ́ òórùn nǹkan kan, pé bóyá ọ̀fìnkìn ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa nígbà náà pé bí imú bá ṣàdédé kọ òórùn, tí kò sì dí, ó lè jẹ́ kòrónà ló wọlé. Ara Ṣadé ò gbóná, kò rẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe lọ.

Kò pẹ́ sí ọjọ́ tí mo di ògiri mú, mi ò lè sọ gbólóhùn kan tán láì sinmi láàárín rẹ̀. Délé yá ọkọ̀ aládùúgbò. Àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró lọ́nà, ó ń ṣàlàyé, èmi ń mí lẹ́yìn ọkọ̀ bí ajá tó sáré lóòrùn. Ní ilé ìwòsàn, wọn ò jẹ́ ká kọjá géètì. Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ igi, ibẹ̀ ni wọ́n ní ká jókòó sí. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Ọkùnrin kan ń kérora lápá ọ̀tún mi, kò sẹ́ni tó jẹ́ sún mọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀ ju ibikíbi lọ, nítorí àwọn tó yẹ kí wọ́n gbà mí là náà ń bẹ̀rù mi.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan tó fi aṣọ bo ara láti orí dé ẹsẹ̀ jáde wá. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan há ìka mi, bí ohun tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn. Iná inú ẹ̀rọ náà ló ń wo ẹ̀jẹ̀ láti ojú èékánná, tí á sọ bí afẹ́fẹ́ tí ara nílò ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́síjìn. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó tún wo ẹ̀rọ. Ó ti òwú kan tó wà lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ mí nímú títí omi fi bọ́ lójú mi; òun ni wọ́n fi ń wá kòkòrò àrùn náà. Wọ́n gbé mi lọ sí ibùdó ìyàsọ́tọ̀, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí kòrónà ń ṣe sí. Délé dúró níta, ó ń wò mí títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn.

Dókítà sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró èèyàn dà bíi fóòmù tó yẹ kó máa fa afẹ́fẹ́, pé tèmi ti wú, omi sì ti mu ún. Wọ́n fi rọ́bà sí mi nímú, tó ń fa ọ́síjìn wá láti inú àgbá. Wọ́n ń fún mi ní oògùn tó ń mú kí wíwú ẹ̀dọ̀fóró lọ sílẹ̀, wọ́n sì ń gún mi lábẹ́rẹ́ níkùn kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sínú ara mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà. Ohun tí mi ò lè gbà ni ìdùbúlẹ̀. Mo ń fẹ́ dìde, mo ń fẹ́ fa rọ́bà náà yọ, mo ń fẹ́ lọ ibì kan tí mi ò mọ̀.

Wọ́n ti lọ yẹ gbogbo ará ilé mi wò. Délé ò ní àrùn náà, àwọn ọmọ ò ní in. Ṣadé ní in. Wọ́n mú un wá sí yàrá àwọn obìnrin, wọ́n sì fún un ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tèmi. Òṣìṣẹ́ kan bi í bó ṣe ń tọ́jú mi nílé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan omi títọ́ wò. Òṣìṣẹ́ náà kọ ọ̀rọ̀ ife yẹn sílẹ̀, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ṣadé rí ìlà náà, ó sì yé e pé inú ife yẹn ni àrùn gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Délé lórí fóònù, Délé sọ fún Ṣèyí, Ṣèyí wá pe Ṣadé. Fóònù náà ń pariwo, mo gbọ́ ohun tó sọ.

"Bí ìyá mi bá kú, ìwọ lo pa wọ́n."

Mo mọ ìdílé wa. Bí mo bá kú, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní kú. Wọn á máa sọ ọ́ nídìí ìnáwó, wọn á sọ ọ́ fún àwọn ọmọ Ṣadé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń jà, á lé e dé ojú oórì. Ọmọ tó kúnlẹ̀ fún mi, wọn á sọ ọ́ di apànìyàn. Àrùn la lè wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀; síbẹ̀ mo sọ fún Olúwa pé ọjọ́ tèmi kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí.

Dókítà ní kí n máa dojú délẹ̀ sùn, pé ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀fóró á lè ráyè ṣí. Ẹ rọra rò ó wò: arúgbó, èjìká dídùn, rọ́bà nímú. Àwọn nọ́ọ̀sì ò pọ̀, aṣọ tí wọ́n wọ̀ sì ń sè wọ́n, wọn ò lè dúró tì mí. Ṣadé ló ń yí mi dojú délẹ̀. Òun nìkan ló lè sún mọ́ mi láìbẹ̀rù, àrùn kan náà ló ń ṣe wá. Ó ká ìró sábẹ́ àyà mi, ó ká òmíràn sábẹ́ ìbàdí mi, ó ń wò ó bí ẹni ń gé aṣọ olówó iyebíye. Nígbà tí mo bá fẹ́ fa rọ́bà yọ, á di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má yọ ọ́, Màmá. Ẹ bá mi mí ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Mo ń bá a mí. Nígbà míì, èébú ló máa ń wá sí mi lẹ́nu, mi ò kàn ní èémí tí n ó fi bú u ni. Díẹ̀díẹ̀, iye tó wà lójú ẹ̀rọ orí ìka mi ń gòkè. Ara Ṣadé mọ́ ṣáájú tèmi, wọ́n ní kó máa lọ. Mo ti lè yí ara mi padà nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ tí mo délé, Ṣèyí ti Mọ́níyà wá. Kí n tó jókòó dáadáa ni òun àti Délé ti gbé àríyànjiyàn wọn dé. Ṣèyí ní bí gbogbo ayé bá ti jókòó sílé ni, kòrónà ì bá má dé ọ̀dọ̀ mi. Délé ní kónílé-ó-gbélé yìí gan-an ló kó àwọn wá bá mi, pé èmi ti ń ṣọ́ ara mi jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ara mi ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń pè é. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ẹni tó ní ká ti ìlú, kó rántí pé ẹni tí ebi bá ń pa yóò padà sílé, ilé sì ni àgbà wà. Ẹni tó ní ká ṣọ́ àgbà nìkan, kó rántí pé àgbà kì í dá bu omi mu. Ẹnì kan ni á bù ú fún un, ẹni yẹn sì ti ibì kan bọ̀.

Ṣadé wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò yọjú. Mo dá wọn dúró.

"Ṣèyí, ọwọ́ tó gbé e fún mi náà ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá tún pe Ṣadé ní apànìyàn nínú ilé yìí, èmi ló bá wíjọ́."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Mo ní èmi kọ́ ló ṣẹ̀. Ó lọ bẹ Ṣadé.

Ara ò tètè bọ̀ sípò. Irun mi ń já, orúnkún mi ń gbọ̀n, láti yàrá dé ilé ìdáná di ìrìn àjò. Kí ẹni tó bá ń gbádùn bọ̀ má ṣe rò pé ó ti yá tán nítorí pé wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ara tí mo ti ń rán níṣẹ́ láti kékeré láì bẹ̀ ẹ́, mo wá ń bẹ̀ ẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí mi ò rí ojú wọn rí.

Ìlú ṣí, Ṣadé padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń wá kí mi, ṣùgbọ́n òkèèrè ló ń kúnlẹ̀ sí, bó bá sì mú nǹkan wá fún mi, orí àga ló ń gbé e sí. Mo sọ̀rọ̀, mo ṣàwàdà, kò jáwọ́. Èyí dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó sú mi láti máa wò ó. Mo wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo sinmi lọ́nà bí mo ṣe ń rìn, mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Adégbàyí. Ó dìde, ó fẹ̀yìn rìn dé ìdí ògiri. Mo ní kó wá wọ̀n mí, pé gbogbo bùbá mi ti tóbi jù fún mi.

Aránṣọ kò lè wọn èèyàn láti òkèèrè. Ó mú téèpù, ó wọn èjìká mi, ó wọn apá mi. Nígbà tó kan àyà, ó ní láti na ọwọ́ méjèèjì yí mi ká. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó pẹ́. Mo ń gbọ́ tó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó ní kí n mí síta. Mo mí síta. Ó ní kí n mí sínú. Mo mí sínú, ó sì dẹ téèpù náà fún mi.