Aṣọ Funfun Tí Ọkọ Mi Rán fún Ara Rẹ̀

Eyínmẹ́nugún ni mo sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí mo wọ ilé ọkọ. Òun ni àbúrò ọkọ mi obìnrin, òun náà sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe mí níkà nínú ilé náà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹbí ọkọ ní orúkọ àbísọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò ni. Orúkọ tó dùn la máa ń wá fún wọn. Eyín rẹ̀ funfun, ó tò bí àgbàdo tútù, mo sì wà ní ọjọ́ orí tí èèyàn fi ń fẹ́ kí gbogbo ayé fẹ́ràn òun. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn káńfọ̀, àwọn ẹyin funfun wẹ́wẹ́ tí à ń kó sínú àpótí kí kòkòrò má bàa jẹ aṣọ, yàrá rẹ̀ ní ilé ẹbí wọn ní Pòrógun, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, itọ́ á sì kún ẹnu mi bíi ti ẹni tó fẹ́ bì.

Ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìkọ́kọ́ kọjá lára obìnrin yìí. Bó ṣe rí nígbà ayé ọkọ mi náà nìyẹn.

Ọkọ mi lọ sí Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì, kí èmi àti òun tó mọ ara wa. Àwọn tó bá gbọ́ pé ó lọ sógun máa ń retí ìtàn ìbọn lẹ́nu rẹ̀. Kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un níbẹ̀ ni kí ó máa gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́, kí ó sì máa gbẹ́ ilẹ̀ fún àwọn tó kú. Ìgbà mẹ́ta péré ló sọ ọ́ fún mi ní gbogbo ọdún mẹ́rìndínlógójì tí a fi gbé pọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì ń wò ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní òjò ibẹ̀ kì í dá. Ó ní káki tó wà lára àwọn òkú á rin gbingbin, á máa rùn, òun á sì ní láti tú bọ́tìnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí òun tó rí ohun tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí lọ́rùn wọn. Àwọn kan nínú wọn kò tíì hu irùngbọ̀n.

Nígbà tó padà wálé, iṣẹ́ télọ̀ ló kọ́. Ó rán gbogbo ohun tí èèyàn lè wọ̀ ní ìlú yìí, àfi káki. Àwọn òbí á gbé aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn wá láti Ìmúṣin àti láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọkọ mi á bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì. Wọ́n ní ó gbéra ga. Àwọn ọmọkùnrin wa méjèèjì kì í gba iwájú wọlé bí wọ́n bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti máa ń bọ́ káki wọn, kí wọ́n tó wá kí bàbá wọn. Wọn kò béèrè ìdí rẹ̀ mọ́ nígbà tó yá, bí àwọn ọmọ mìíràn kì í ti í béèrè ìdí tí a fi ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí ọmọ ọmọ wa obìnrin wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni ilé tirẹ̀. Níbẹ̀ ló ti máa ń ṣa àgékù aṣọ, tí bàbá rẹ̀ àgbà sì ń fi wọ́n rán ẹ̀wù fún bèbí rẹ̀, pẹ̀lú kọ́là, pẹ̀lú àpò tí kò gba ìka kan. Ọkọ mi ní àmì kan tó máa ń fi ọwọ́ rán sí abẹ́ ọrùn gbogbo aṣọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta péré, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ gan-an kò ní rí. Ọmọ yìí ló máa ń mú àwọ̀ òwú rẹ̀. Àwọ̀ aró ló máa ń mú ní gbogbo ìgbà.

Ní ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, mo rí i tó ń rán bùbá, ṣòkòtò àti agbádá funfun, ó sì ń rán an pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju ti oníbàárà èyíkéyìí lọ. Mo bi í pé ta ló ni ín.

"Èmi ni. Òun ni mo máa wọ̀ lọ."

"Lọ síbo?"

"Síbi tí a kò ti ní máa fọṣọ mọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Tíṣà ló máa ń pè mí, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. "Tíṣà, má jẹ́ kí wọ́n fi káki kàn mí lára o."

Mo ṣèlérí fún un. Ìlérí kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí fún rí nìyẹn.

Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà òjò, kò pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn sójà tún gba ìjọba, tí wọ́n ń fi pàṣán tò wá sórí ìlà ní ibùdókọ̀. Abẹ́rẹ́ ṣì wà ní àyà ẹ̀wù rẹ̀ níbi tó máa ń há a sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti mú mi lọ sí ilé ẹbí, wọ́n tú irun mi, wọ́n ní kí n jókòó sórí ẹní nínú yàrá kan, kí n má sì jáde títí wọn yóò fi sin ín. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún opó níbẹ̀ nìyẹn, n kò bá wọn jà. Ẹbí ló ni òkú: àwọn ló ń wẹ̀ ẹ́, àwọn ló ń wọṣọ fún un, àwọn ló ń pinnu ohun tí wọn yóò kà nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọkùnrin wa pàápàá kò lẹ́nu níbẹ̀. Mo ti kàwé tó láti mọ̀ pé ó yẹ kí n fura. N kò fura. Mo ránṣẹ́ pe Eyínmẹ́nugún, mo fa àpò tí aṣọ funfun náà wà nínú rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Mo tún fún un ní ìwé àjákọ tí mo kọ ìtàn ayé ọkọ mi sí: bó ṣe gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́, bó ṣe sin ọmọ ọlọ́mọ ní ilẹ̀ àjèjì, àti ìdí tí kò fi rán káki.

"Ohun tó bẹ̀ mí nìyí," mo wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ni mo fi lé lọ́wọ́."

Ó gba àpò náà mọ́ra, omi lójú rẹ̀. "Ìyàwó, ṣé lórí ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀dá mi ló yẹ kí o máa bẹ̀ mí? Fọkàn balẹ̀."

Mo fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí ju ikú náà lọ nígbà mìíràn.

N kò mọ̀ pé láti ìgbà tí àwọn sójà ti gba ìjọba ló ti ń sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọ̀gágun ni ẹ̀gbọ́n òun, pé ó pàṣẹ fún òyìnbó pàápàá ní Bọ́mà. Ẹgbẹ́ náà ń bọ̀ wá wo òkú. Kò lè jẹ́ kí wọ́n wá bá télọ̀ lórí ibùsùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, àwọn ìyàwó ilé mú mi lọ sí pálọ̀ kí n lọ dágbére fún un. Kí n tó rí i, mo ti gbọ́ òórùn káńfọ̀. Ọkọ mi sùn gbalaja nínú káki. Káki tó ti pọ́n lápá, tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ títí ó fi le bíi páálí, bẹ́líìtì aláwọ lórí ikùn rẹ̀, fìlà sójà lórí rẹ̀, mẹ́dà mẹ́rin, àmì ẹ̀yẹ ogun, ní àyà rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ tí kò sanra kò kún kọ́là náà. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni ọkùnrin kan láti Ayépé dúró sí, òun náà lọ sí Bọ́mà, òun ló sì yá wọn ní gbogbo ẹrù náà. Bí mo ṣe ń wọlé ni mo gbọ́ tó ń sọ sí Eyínmẹ́nugún létí pé, "Káki, mo fi ta yín lọ́rẹ. Mẹ́dà mi ni kí ẹ má gbàgbé tú kí wọ́n tó dé pósí o."

N kò sunkún. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn náà, mo na ọwọ́, mo tú bọ́tìnì àkọ́kọ́. Mo tú ìkejì. Bí òun náà ṣe ṣe fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn nínú òjò ni mo ń rò. Wọ́n di ọwọ́ mi mú ní ìkẹta.

"Ẹ bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀," mo wí. "Aṣọ rẹ̀ wà níbí. Ó rán aṣọ rẹ̀."

"Ìyàwó!" Eyínmẹ́nugún ló kígbe, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn àlejò bó ṣe ń kígbe. "Ṣé ìhòòhò lo fẹ́ tú ẹ̀gbọ́n mi sí lójú èèyàn ni? Ẹ má bínú o, ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú."

Olórí ẹbí kò tilẹ̀ dìde lórí àga. "Ìyàwó, o ti tọ́jú rẹ̀ láàyè, o ṣeun. Ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ báyìí. Padà sórí ẹní rẹ."

Wọ́n mú mi padà. Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ wo ọ̀gágun! Ó kúkú jọ ọ́." Mo bì sínú abọ́ tí wọ́n fi gbé oúnjẹ fún mi.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Opó kì í bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà orí ẹní ni ọmọ ọmọ wa ti wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ìwé ètò ìsìnkú lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Ó jókòó tì mí, ó fi ìka sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi. Wọ́n ní ó ṣíwájú àwọn ọmọ ogun. Wọ́n ní ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọ̀tá tí kò níye. Wọ́n ní lẹ́yìn náà ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì fi ìyàwó, ọmọ àti ọmọ ọmọ sílẹ̀. Ọmọ náà tún ìlà kan kà.

"Màmá, ṣé Bàbá máa ń pa èèyàn ni?"

Mo sọ fún un pé irọ́ ni. Mo sọ ohun tó ṣe fún un, gbogbo rẹ̀, bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó wá sọ pé, "Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé." Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ pé ohun tó bá wà nínú ìwé ni kó gbà gbọ́. Ó tó oṣù mélòó kan kó tó tún wọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ náà, bó sì ti wọ̀ ọ́ nígbà náà, kò ṣa àgékù kankan.

Bí ẹ bá rò pé ó tán síbẹ̀, ẹ kò mọ irú ẹni tí mo ń sọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí a ṣe ìdúpẹ́, ọmọkùnrin àgbà tí Eyínmẹ́nugún bí jókòó síwájú mi nínú agbádá funfun. Ó gùn jù fún un díẹ̀ lápá. Nígbà tó tẹrí ba láti gbàdúrà, ọrùn bùbá rẹ̀ yí sókè, mo sì rí i: ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta, òwú aláwọ̀ aró. Ọkùnrin náà kò mọ nǹkan kan, ìyá rẹ̀ ló fún un, n kò sì bá a sọ ọ́. Mo kàn ń wo ọrùn rẹ̀ tó ń làágùn sínú aṣọ tí ọkọ mi rán fún ọ̀run, títí àlùfáà fi ní kí a dìde.

Àwọn kan nínú ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi ti sọ pé kí n gbàgbé, pé aṣọ ni, ilẹ̀ á jẹ ẹ́ bákan náà. Mo ti gbìyànjú láti ronú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan fi gbogbo ìgbà ayé rẹ̀ sá fún ohun kan, ó sì rò pé ìyàwó òun máa dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí òun kò bá lè sá mọ́. Orí ẹní ni mo wà. Mo gba àṣà gbọ́, mo gba ẹ̀rín gbọ́, mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé aṣọ náà jáde. Ìdí nìyẹn tí ìríra tí mo ní sí obìnrin yẹn kò fi mọ sí ọ̀dọ̀ òun nìkan. Ó kàn mí díẹ̀.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú ló ránṣẹ́ pè mí. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Pòrógun, káńfọ̀ ń rùn lábẹ́ ibùsùn, lábẹ́ ìrọ̀rí, níbi gbogbo. Eyín tí mo torí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ ti ku mẹ́ta. Mo jókòó, mo retí pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì, mo sì ti pèsè ohun tí màá fi dá a lóhùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tò ó pọ̀. N kò rí i lò. Nígbà tó kú ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹbí rẹ̀ wá sọ fún mi pé iṣẹ́ kan wà tó fi rán mi, mo ní ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Irọ́ ni. Mo ń fi iṣẹ́ náà pamọ́ di ìgbà tí ara mi bá balẹ̀ ni, ó sì ti balẹ̀ báyìí. Mo ti kọ ọ́, ẹ sì ti kà á. Ohun tó bẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, tó di ọwọ́ mi mú, tó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, nìyí:

"Ìyàwó, ìwọ lo mọ̀wé jù nínú ilé yìí. Bí mo bá kú, ìwọ ni kí o kọ ìtàn ayé mi. Kọ ọ́ kó dùn ún gbọ́ o. Má wulẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ káki yẹn sí i."