Ẹni Tó Yẹ Kó Máa Ṣíwájú

Òórùn epo ẹ̀rọ ló gba ilé wa ní Torino nígbà náà. Bó ti wù kí n fọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ mi tó, kí n sá a sí bálíkónì nínú òtútù, òórùn yẹn kì í lọ. Ó máa ń wọnú ìrọ̀rí, ó máa ń wọnú irun ọmọ wa pàápàá. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òórùn mìíràn máa ń bò ó mọ́lẹ̀: kọfí tó ń hó nínú ìkòkò moka, àti ata tí mò ń dín sílẹ̀ de ọbẹ̀ ọjọ́ Àìkú. Ìgbà yẹn la máa ń palẹ̀ abọ́ mọ́ kúrò lórí tábìlì ìdáná, ọkọ mi á tẹ́ ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ńlá kan sílẹ̀, á yọ pẹ́ńsù, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rin igbó lórí ìwé.

Kí n tó mọ̀ ọ́n, gáàdì ni nínú igbó ọba kan ní apá Borgu, níbi tí ìjọba ti ń dáàbò bo ẹranko. Òun ló máa ń mú àwọn àlejò fi ẹsẹ̀ rin inú igbó, láìsí mọ́tò. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn dáwọ́ dúró ló kọjá sí Ítálì. Padova la kọ́kọ́ gbé, ibẹ̀ ni mo bí ọmọ wa obìnrin sí, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ fà wá wá sí Torino. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ irin di ara mọ́tò ló wọ̀. Ìwọ náà mọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Tó bá balẹ̀ gbàà, àyà èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́.

Ibẹ̀ ló ti bá capo pàdé, bàbá ará Ítálì kan tó jẹ́ ọ̀gá wọn lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí bàbá náà ṣe fẹ̀yìn tì, tó gba pensione, ó ní òun kò ní jókòó sí báà kan kóun máa ta káàdì títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ìtàn igbó tí ọkọ mi ń sọ fún un nígbà oúnjẹ ọ̀sán ti wọ̀ ọ́ lára. Ó fẹ́ dá àgọ́ kékeré kan sílẹ̀ lẹ́bàá odò ní Borgu, ibi tó jìnnà sí títì ọlọ́dà, kí àwọn ará ìlú rẹ̀ máa wá fi ẹsẹ̀ rìn láàrin ẹranko. Ọkọ mi ni yóò máa ṣíwájú wọn. Èmi ni màá máa dáná. Ọmọ wa á máa gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ṣakí, á máa lọ sílé ìwé níbẹ̀, á sì gbọ́ Yorùbá dáadáa, nítorí Ítálì ló fi ń dá wa lóhùn nígbà yẹn, bó ṣe kéré tó.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé ọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe tó lójú wa. O ṣáà mọ bí àwọn ará ilé ṣe máa ń ṣe tí èèyàn bá ti òkè òkun dé: wọ́n á wo ọwọ́ ẹ ná kí wọ́n tó wo ojú ẹ. Ọkọ mi ti rí ọ̀nà tó lè gbà padà sílé bí ọkùnrin tó jẹ́ kó tó kúrò. Kò tún ní jẹ́ ẹni tí ẹ̀rọ ń lò. Ẹni tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé ni yóò jẹ́.

Inú wa máa ń dùn lórí tábìlì yẹn tí capo bá wá ní Sátidé, mi ò ní purọ́. Capo á bèèrè pé, "Ibo la ó ti máa ṣe gabinetto?" Ilé ìyàgbẹ́ ló ń wí.

"Igbó tóbi, signore," ọkọ mi á ní. "Ẹ ṣáà wo ẹ̀yìn yín dáadáa kẹ́ ẹ tó lóṣòó."

Bàbá náà á rẹ́rìn-ín títí á fi máa wúkọ́. Ó bèèrè kìnnìún, ọkọ mi mi orí. "Kìnnìún á yà fún yín. Ẹfọ̀n ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù." Ọjọ́ tí capo wá sọ pé wáìnì gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì lálaalẹ́, pẹ̀lú aṣọ funfun tí a tẹ́ sí i, èmi gan-an ni mo dá sí i: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé igbó là ń lọ ni, àbí ìgbéyàwó?"

Òfin kan wà ṣá, tí ọkọ mi kì í fi ṣeré. Tí àwọn èèyàn bá tò sórí ìlà tí wọ́n ń rìn, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í pe orúkọ ara wọn nínú igbó. Ẹni tó kẹ́yìn pátápátá ló máa ń mú igi apá pẹ́ńpẹ́ méjì lọ́wọ́, tí kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Tó bá rí ohun tí ẹni iwájú kò rí, á fi ọ̀kan gbá èkejì, gbogbo ìlà á sì dúró gbagidi. Ohùn èèyàn ló ń lé ẹranko, ohùn igi kì í lé wọn. Àwọn igi yẹn bá a wá láti ilé; ó kó wọn pa mọ́ sínú bàtà gáàdì rẹ̀ àtijọ́. "Ẹni iwájú ló ni etí," ló máa ń sọ fún capo. "Ojú lè tàn án jẹ. Etí ni kò gbọ́dọ̀ tàn án jẹ."

Mi ò mọ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fura. Bóyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, nígbà tí àtẹ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lẹ́yìn ti gbogbo ìjọ, tó ń wo ọwọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kó tó pàtẹ́wọ́. Ọmọ á pè é, kò ní yíjú. Mo ní, "Daddy, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà." Ó ní, "Ariwo ẹ̀rọ ló ṣì wà lórí mi. Tí mo bá sinmi, á lọ." Èmi náà fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Lórí tábìlì, tí capo bá ń sọ̀rọ̀ tó kọjú sí fèrèsé, ojú ọkọ mi á wá mi kiri, màá sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní Yorùbá, bí ẹni ń ṣe ògbufọ̀. Capo rò pé Ítálì ni kò yé e mọ́. "Àti ìgbà tó o ti wà níbí, ìyàwó ló ṣì ń túmọ̀ fún ọ!" ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá dá mi padà sídìí tábìlì yẹn lónìí, màá tún túmọ̀.

Ní Pasquetta, Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé Àjíǹde tí gbogbo ará Ítálì máa ń gbé oúnjẹ jáde, a gun òkè tó wà lódì kejì odò Po láti lọ dán ìrìn náà wò. Capo mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá, àwọn tí yóò jẹ́ àlejò wa àkọ́kọ́. Ọkọ mi ṣíwájú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ lé e, èmi àti ọmọ wa kẹ́yìn, igi méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Òjò ti rọ̀ mọ́jú; ewé tútù kan wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí òórùn rẹ̀ dà bíi ti àlùbọ́sà, tó ń ta sókè bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe wọ abẹ́ igi báyìí, èjìká ọkọ mi yí padà. Ẹni tó máa ń wọlé bí àpò tí wọ́n ti tú ẹrù inú rẹ̀ dànù, ó nà ró. Ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka kan ojú ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń tọ́ka sí èèpo igi tí ẹranko ti fara ha. Ìtàn rẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ọjọ́ yẹn ni mo rí òun fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ewé tó ń mì lápá òsì, díẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ńlá kan ni, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ onílà lára, ó sì ti ń kùn. Mo gbá igi pọ̀. Capo dúró, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró. Ọkọ mi ń lọ. Mo tún gbá a. Mo gbá a títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ó ń lọ ni, jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ gún régé, ó na ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó ń fi júwe sí wa pé ká máa bọ̀, ká rọra. Kò sì sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀.

"Mamma," ni ọmọ wa wí, "papà non sente."

Ó sọ ọ́ bí ọmọdé ṣe ń sọ pé òjò ti ń rọ̀. Etí bàbá òun kò gbọ́rọ̀ mọ́, ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ó rò pé gbogbo wa la mọ̀. Capo yíjú wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń rántí gbogbo Sátidé wa, àti ògbufọ̀ tí mò ń ṣe.

Mo sáré bá ọkọ mi. Ẹlẹ́dẹ̀ náà ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọ inú igbó lọ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó yí padà. Ó rí wọn níbi tí wọ́n dúró sí lọ́hùn-ún. Ó wo igi ọwọ́ mi.

"Ṣé o gbá a?"

Mo kọjú sí i dáadáa kó lè rí ẹnu mi. "Mo gbá a, Daddy."

"Ó pẹ́?"

"Ó pẹ́."

Kò bínú. Ó gba àwọn igi náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí capo máa ṣíwájú, òun fúnra rẹ̀ lọ sẹ́yìn pátápátá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mò ń gbọ́ ọ lẹ́yìn wa tó ń gbá igi, kọ́, kọ́, ó rọra. Ó tún gbá a kíkankíkan, bí ẹni tó gbé e sún mọ́ etí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò dún mọ́.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí mo gbé dání, capo nìkan ló jẹ ẹ́. Ó ní kí ọkọ mi ṣì bá òun lọ, kó máa jókòó ní àgọ́, kó máa kí àlejò káàbọ̀. Ọkọ mi dúpẹ́. Ó ní, "Mi ò lè jókòó sí àgọ́ kí n máa wo ẹ̀yìn àwọn tó ń wọ igbó." Òun fúnra rẹ̀ ló júwe gáàdì kan fún un tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, pé kó máa ṣíwájú dípò òun. Wọ́n dá àgọ́ náà sílẹ̀ lóòótọ́. Capo mú fọ́tò wá fún wa: àlejò lórí ìlà, koríko gbígbẹ, ọkùnrin kan níwájú. Ọkọ mi wò ó pẹ́. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ẹni tó kẹ́yìn ti jìnnà jù. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Ó pẹ́ tí mo fi ń rò pé ilé la pàdánù lórí òkè yẹn. Mo sunkún ilé náà, màá sọ òótọ́ fún ọ, inú balùwẹ̀ ni mo ti sun ún. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń lọ, ilé kọ́ ló ń padà wá sí mi lọ́kàn mọ́. Ọwọ́ tó nà sẹ́yìn yẹn ni. Kí a tó gun òkè rárá ló ti ń dá rìn, nínú ilé tèmi tirẹ̀, tó rò pé a wà lẹ́yìn òun. Nísinsìnyí, tí ọmọ wa bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ kí bàbá rẹ̀ lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́. Tí a bá jáde, èmi ló ń ṣíwájú, nítorí mọ́tò àti bọ́ọ̀sì. Mo máa ń na ọwọ́ kan sẹ́yìn, bó ṣe nà án lọ́jọ́ náà, tí mo bá fẹ́ sọ fún un pé ká sọdá. Kò sì sí ìgbà kan tí mo nà án tí mi ò bojú wẹ̀yìn.