Ìrù Tó Wà Lórí Itan Bàbá Mi

Lánàá, òórùn lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́ dá mi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù oníredíò kan ní Ìyànà Ìbà. Ṣe ni mo padà di ọmọ ọdún méje lábẹ́ igi máńgòrò wa. Bàbá mi gbé ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí rìmóòtù ń darí lé itan, ìrù lọ́dọ̀ wọn, imú lọ́dọ̀ mi. Wáyà tó ń yí ìrù ti ṣẹ́. Wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó sípóòkì kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, wọ́n wá ń fi ìka wá ihò tí wọ́n máa há a sí lára ìrù.

"Ọ̀tún ni mo tẹ̀ o. Ibo ló yí sí?"

"Òsì ni, Bàámi."

Wọ́n pòṣé, wọ́n tú u, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Báyìí ńkọ́?"

"Ọ̀tún!"

"Káre, ọmọ mi."

Mi ò mọ̀ pé òsì èmi tí mo kọjú sí i ni ọ̀tún ọkọ̀. Nígbà tí a gbé e dé pápá, Bàámi fi rìmóòtù ní kó yà fún ògiri, ògiri gan-an ló lọ forí sọ. Mo bú sẹ́kún.

"Sípóòkì yẹn ni ò dáa," ni wọ́n wí, wọ́n ń ṣa àfọ́kù sínú fìlà.

Orí itan wọn ni ìrù yẹn wà nígbà tí wọ́n ń bi mí ibi tó yí sí; ojú wọn ti ń di bàìbàì, wọn ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.