Ìwé Ewúrẹ́ Tí Ewé Ìkẹyìn Rẹ̀ Ti Ya

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, àpótí ìwé kan wà nínú ìjọ wa ní Ungwan Boro tí mo fẹ́ràn ju ògì kòkó àti àkàrà kósáì àárọ̀ Sátidé lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí Kaduna mọ bí kósáì gbígbóná ṣe máa ń rí lẹ́nu nígbà ọyẹ́, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni mo sọ yẹn. Àpótí náà ti pẹ́. Àdúgbò Kawo ni ìjọ wa wà nígbà tí àwọn òbí wa jẹ́ ọmọdé, nígbà tí ìjọ sì kó wá sí Ungwan Boro, wọ́n di àpótí ìwé mọ́ àwọn àga gbọọrọ, wọ́n gbé e wá.

Màmá Olùkọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí a ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òbí wa ń pè wọ́n, torí àwọn ló kọ́ tìyá tọmọ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Màmá ní òfin kan. Tó o bá yá ìwé, wàá kà á tán, wàá wá dúró níwájú wọn lẹ́yìn ìsìn, wàá sì sọ ìtàn náà ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Hausa kankan ò gbọdọ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ Hausa ló wà lẹ́nu wa látàárọ̀ dalẹ́. Tó o bá yege, wọ́n á fún ẹ ní pẹ́ńsùlù kí o kọ orúkọ rẹ sínú èèpo ìwé, lábẹ́ orúkọ àwọn tó ti kà á ṣáájú. Tó o bá kọsẹ̀, wàá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, wàá na ọwọ́ méjèèjì sókè títí àwọn akọrin á fi ṣe ìdánrawò wọn tán. Àwọn akọrin wa ò sì mọ bí a ti ń yára.

Ìwé kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní ìwé ewúrẹ́, torí orúkọ rẹ̀ gan-an ti pa rẹ́. Ewúrẹ́ ìyá ọmọbìnrin kan ló sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá a dé oko, ó sọdá odò, ilẹ̀ ń ṣú lọ, ó gbọ́ ohun kan tó ń mí hẹlẹ nínú igbó, ó na ọwọ́ síbẹ̀, ó fọwọ́ kàn án... Ó tán. Ewé ìkẹyìn ti ya.

Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Mò ń pọnmi, ewúrẹ́ ni mò ń rò. Mò ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, ewúrẹ́ ni. Tá a bá ń ṣe eré tẹ́ǹtẹ́ǹ, kíá ni wọ́n ń borí mi. Orúkọ mọ́kànlá ló wà nínú èèpo ìwé yẹn, ti màmá mi ni ìkẹta. Mo fẹ́ kí tèmi wà níbẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ bàtà Kérésì lọ, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ òpin tí n kò mọ̀? Wọ́n sì ti kọ́ wa pé èèyàn kì í purọ́ nínú ilé Ọlọ́run.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó ni orúkọ náà kiri. Màmá mi, tí wọ́n ń ránṣọ lọ́wọ́, ní ewúrẹ́ náà ni ọmọ yẹn fọwọ́ kàn, pé ó ti bí ọmọ méjì. Inú mi dùn. Àbúrò wọn, Bọ̀dá Délé tó ń ta táyà ní Kawo, fi mí rẹ́rìn-ín: "Haba! Ìkookò ti pa á jẹ. Awọ rẹ̀ ló bá níbẹ̀." Nígbà tí a gbé aṣọ lọ fún Màmá Ṣadé ní Ungwan Rimi, mo bi àwọn náà. Wọ́n ní kì í ṣe ewúrẹ́ rárá, pé bàbá ọmọ náà ni, tó ti lọ látọjọ́ pípẹ́. Omi lé sí wọn lójú, wọ́n wọlé lọ bu fùrá tí wọ́n fi jéró àti wàrà pò fún mi. Lójú ọ̀nà ni màmá mi tó sọ fún mi pé bàbá Màmá Ṣadé rìnrìn àjò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kò sì padà wálé. N kò lè mu fùrá náà tán.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Mo sọ ìtàn náà dé ibi tí ọmọ náà ti na ọwọ́. Mo ní, "Mi ò mọ èyí tó kù, mà. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, ohun tí kálukú sọ yàtọ̀." Mo ti ń lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí fúnra mi. Màmá Olùkọ́ ní kí n dìde.

"Ewé yẹn ti ya kí ẹni àkọ́kọ́ tó kà á. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹnu yín ni mo ti ń gbọ́ ọ."

Àṣé ńṣe ni kálukú wọn hùmọ̀ òpin tirẹ̀ fúnra rẹ̀! Mo bojú wẹ̀yìn wo màmá mi. Àjà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń wò. Màmá Olùkọ́ ní àwọn ò tíì rí ọmọ tó lọ béèrè rí, wọ́n sì na pẹ́ńsùlù sí mi. Inú mi dùn débi pé mo tẹ̀ ẹ́ jù, ẹnu rẹ̀ ṣẹ́ sórí orúkọ mi.

Màmá Olùkọ́ ti sùn nínú Olúwa, èmi ni mò ń tọ́jú àpótí báyìí. Ìwé àwọn ọmọ òde òní pé pérépéré, àwòrán rẹ̀ sì dára ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá rú wọn lójú, fóònù ni wọ́n ń bi. Mi ò rí ọmọ kan kó wọ ilé àgbà lọ béèrè ohunkóhun mọ́. Àwọn àgbà kàn ń jókòó lẹ́yìn ìsìn ni, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ó ń dùn mí.

Ní oṣù tó kọjá, ìjọ ra ìwé ìtàn tuntun. Mo mú ọ̀kan, mo fún àgbàlagbà mẹ́ta kà, Bàbá Alàgbà wà lára wọn, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ wọn sínú èèpo. Lẹ́yìn náà, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo fa ewé ìkẹyìn ya, mo sì yá ọmọ kan ní ìwé náà.

Ọjọ́ kẹta ni ìyá ọmọ náà pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ìwé wo lẹ fún ọmọ mi? Ó ti jókòó ti Bàbá Alàgbà látàárọ̀, ó ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá sọ ibi tó parí sí fún òun."

Èmi tí ewé náà wà nínú báàgì mi, mo sún mọ́ fóònù dáadáa. "Kí ni Bàbá wá sọ fún un?"