Ọjọ́ Tí A Já Ọmọ Ẹṣin Lẹ́nu Ọmú

Ọkọ mi ò gun ẹṣin rí láyé rẹ̀ títí di ọjọ́ tí òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi abo ẹṣin kan ta á lọ́rẹ. Òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀, kò sì lè gbé ẹṣin wọ bàálù. Ó fi ìwé ńlá kan lórí ìtọ́jú ẹṣin tì í. Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ní Bódìjà ti di ilé ẹlẹ́ṣin, tí ọkọ mi sì ti di ọ̀mọ̀ràn. Kò tíì gùn ún náà o. Ìwé ló kàn ń kà.

Oyún ti wà nínú ẹṣin náà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì pẹ́ tó fi bí akọ pupa kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ. Èmi náà ní ọmọ lọ́wọ́ nígbà náà, ọkùnrin. A jọ ń fún ọmọ lọ́mú nínú ọgbà kan náà ni, èmi lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, òun nídìí fẹ́ǹsì. Ká sọ òótọ́, òun ni wọ́n ń tọ́jú jù. Wọ́n ń se ọkà bàbà fún un láràárọ̀.

Nígbà tí ọmọ ẹṣin pé oṣù mẹ́fà, ọkọ mi ṣí ìwé. Ìwé ní àkókò tó láti já a lẹ́nu ọmú, ká sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ká gbé ọmọ lọ síbi tí ìyá ò ti ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọkùnrin Hausa kan ló ń ti Sábó wá bá wa tọ́jú wọn. Ó ní rárá. Ó ní ẹ̀ẹ̀rùn la wà, koríko ò sí, ká dúró kí òjò rọ̀, ká wá máa yà wọ́n díẹ̀díẹ̀, wákàtí kan lónìí, méjì lọ́la. Láti kékeré ló ti ń sin ẹṣin, ṣùgbọ́n kò ka ìwé, nítorí náà a ò gbọ́ tirẹ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn yìí dé nìyẹn tí ìyá ọkọ mi fi ti Òkè-Àdó wá kí wa. Wọ́n gbọ́ ti ẹṣin tán, wọ́n bá yíjú sí mi. Wọ́n ní tèmi ńkọ́, ọmọ oṣù mẹ́rìndínlógún, tó ń sáré kiri, tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ọmú? Wọ́n ní ọmọ tó bá pẹ́ lẹ́nu ọmú kì í gbọ́n. Mo bẹ̀ wọ́n. Ọdún táwọn sójà ń tò wá sórí ìlà bí ọmọ iléèwé ká tó ra oúnjẹ nìyẹn. Èèyàn á tò títí, agolo mílíìkì kan ni yóò rí gbé wálé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fún un lọ́mú di ìgbà òjò. Bí ohùn èmi àti ti ọkùnrin Hausa ṣe di ọ̀kan náà nìyẹn, a sì jọ pàdánù ni.

Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Níṣojú èmi olórí ni wọ́n ṣe ń fárí mi.

Màmá kọ́kọ́ dábàá ewúro. Òun ni wọ́n fi já gbogbo ọmọ tí wọ́n bí: wọ́n á gún un, wọ́n á fi ra ọmú, ọmọ á fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ọkọ mi, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ewúro ń ṣiṣẹ́, ní ká fi dán ẹṣin wò. Ìwé ò kúkú sọ pé ká má ṣe é. Ọkùnrin Hausa bá fi ewúro ra ọmú abo ẹṣin, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ọmọ ẹṣin gbóòórùn rẹ̀, ó lá a mọ́ tónítóní, ó mu ọmú yó, ó wá lọ sẹ́yìn ilé lọ jẹ igi ewúro tó kù.

Ìtìjú lé ọkọ mi padà sínú ìwé. Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní Ring Road tó ní àyè lẹ́yìn ilé, tó sì ní píkọ́ọ̀pù. Ní Sátidé, wọ́n fi tipátipá ti ọmọ ẹṣin sẹ́yìn ọkọ̀. Ọkọ̀ fẹ́ gbéra báyìí ni Màmá jáde pẹ̀lú báàgì wọn, wọ́n ti gbé ọmọ mi sápá. Wọ́n ní ṣebí Òkè-Àdó ni ọkọ̀ máa gbà kọjá. Àwọn á mú un sọ́dọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, á ti gbàgbé ọmú kó tó padà. Mo wo ọkọ mi.

Ó ní, “Ó ṣáà bọ́gbọ́n mu. Ọ̀nà kan náà ni.”

Bí ọmọ mi ṣe lọ nìyẹn, òun níwájú lórí ẹsẹ̀ ìyá àgbà, ọmọ ẹṣin lẹ́yìn. Ó ń juwọ́ sí mi. Mo lè sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni mí, mo sì máa ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwà pẹ̀lẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣeun, Mà. Ó dàbọ̀.”

Abo ẹṣin ò kọ́ ìwà pẹ̀lẹ́ ní tiẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti fi géètì sílẹ̀ ló ti ń yán. Ó yán ní Sátidé, ó yán lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi bí a ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi igẹ̀ lu fẹ́ǹsì títí igi fi ṣẹ́. Kò fẹnu kan ọkà bàbà. Ọkọ mi náà ò lè jẹun. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìwé lọ́wọ́, ó ń wá ibi tí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹṣin fi ń ké sí. Ó wá bá mi ní kíṣìnì, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, “Ṣé ò ń gbọ́ ọ? Abiyamọ mà ni.”

Mo ní mò ń gbọ́. Mo ti fi ọ̀já di àyà mi pinpin lábẹ́ búláòsì. Ọmú mi le bí òkúta, ó ń ro mí débi pé n ò lè gbé apá sókè dáadáa. Abọ́ ni mò ń fọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ń lọ gbé ọmọ ẹṣin padà. Inú mi dùn dé ẹsẹ̀. Òkè-Àdó náà ló kúkú máa gbà bọ̀. Mo wẹ̀, mo tú ọ̀já, mo pààrọ̀ aṣọ, mo lọ dúró ní géètì.

Ọkọ̀ dé. Ọmọ ẹṣin wà lẹ́yìn. Níwájú, ọkọ mi nìkan ni. Mo bi í pé ọmọ mi ńkọ́. Ẹnu yà á.

“Ọmọ kẹ̀? Ṣebí ó wà lọ́dọ̀ Màmá. Àbí o fẹ́ ẹ ni? O ò kúkú sunkún.”

Ọmọ ẹṣin ti fò bọ́ sílẹ̀, ó ti ki ẹnu bọ abẹ́ ìyá rẹ̀, gbogbo ilé dákẹ́. Mo wọ takisí lọ sí Òkè-Àdó. Mo bá ọmọ mi lórí ẹní, Màmá ń fi ṣíbí fún un lẹ́kọ mu. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó pè mí ní Mọ́mì, ó sì yíjú padà sí ṣíbí. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo ṣí búláòsì. Ó wò ó bí ẹni tó rí aládùúgbò àtijọ́, ó fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sílẹ̀ lọ sídìí ẹ̀kọ rẹ̀. Màmá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ọjọ́ kẹta péré, ọmọ yìí gbọ́n, mo kú iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó bú sẹ́kún. Màmá rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Ọmọ ẹṣin mu ọmú títí òjò fi rọ̀, títí koríko fi kún ọgbà, títí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ fẹsẹ̀ ta á nù. Ọkọ mi gbé ìwé rẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí àlejò bá wá, á mú wọn lọ wo ẹṣin, á wá máa ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀rọ̀ ìwé kọ́, abiyamọ ló mọ ìgbà tó yẹ kó já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú, kí ẹnikẹ́ni má dá sí i. Èmi ni mo máa ń gbé ẹlẹ́rìndòdò wá fún wọn.