Ìfúnpá Àná, Ìfúnpá Òní

Láràárọ̀ ni màmá mi máa ń fi òǹkà ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ránṣẹ́ láti Ọ̀jọ́ sí mi nílé mi ní ẹ́sítéètì Ìbà. Ọjà Àlàbá ni mo ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Lónìí á ga, lọ́la á wálẹ̀. Dókítà ní bí kò bá dúró sójú kan, àwọn máa fi oògùn mìíràn kún èyí tí màmá ń lò, àwọn á sì yẹ kíndìnrín wọn wò. Àìsàn kíndìnrín ló pa bàbá mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi òǹkà ya àwòrán. Mo ti to ti màmá mi bí ọjọ́ ṣe tẹ̀lé ọjọ́, ó kàn ń rí págunpàgun bí eyín ayùn ni. Ní Sátidé kan tí ìfúnpá wọn tún ga, inú bí mi, mo yí àwòrán náà padà. Mo fi ìfúnpá àná sí ìsàlẹ̀, mo fi ti òní sí ẹ̀gbẹ́, mo wá tẹ àmì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan síbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Bí àná ò bá ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú òní, ńṣe ni àwọn àmì náà ìbá fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà fádìẹ. Wọn ò fọ́n ká. Ìdì méjì ni wọ́n pín sí: tí àná bá wálẹ̀, òní á ga, tí àná bá ga, òní á wálẹ̀. Àìsàn wo ló ń fi ètò rìn báyẹn? Mo pe màmá lórí fóònù.

"Màmá, ṣé ẹ lo oògùn lánàá?"

"Lánàá kẹ̀? Ṣebí BP ti wálẹ̀ lánàá. Ṣé ẹni tí ara ẹ̀ le ló ń loògùn ni?"

"Tó bá wá ga ńkọ́?"

"Màá lò ó nìyẹn. Ṣé mo ya wèrè ni?"

Mo fẹ́ jágbe, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi, omijé sì tẹ̀ lé e. Oògùn ń ṣiṣẹ́! Mo ṣàlàyé fún wọn pé òun ló ń mú un wálẹ̀, pé ojoojúmọ́ ni kí wọ́n máa lò ó. Wọ́n pòṣé. Nígbà tí dókítà gbọ́, ó ní kí wọ́n máa bá oògùn kan ṣoṣo yẹn lọ. Ọkàn mi balẹ̀, mo jẹun yó.

Báyìí, ojú kan náà ni gbogbo àmì náà ń kó jọ sí, nísàlẹ̀. Ohùn ni màmá fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí:

"Ó wálẹ̀ o. Mo sì ti lò ó, kó o má bàa tún lọ ya àwòrán mi."