Nọ́ńbà Iṣẹ́ Bọ̀dá Ràúfù

Ẹ má rò pé mo kàn fẹ́ dẹ́rù bà yín. Wàlláhì, ojú mi méjèèjì ló rí i, lọ́sàn-án gangan, l'Ómù-Àrán níbí.

Iṣẹ́ èsì ìdánwò la ń ṣe. Àwa jókòó síbí, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń bá wa ṣe é wà n'Ílọrin. Gbogbo iṣẹ́ tí a bá fi ránṣẹ́ sí i ló máa ń fún ní nọ́ńbà. Orúkọ iṣẹ́ méjì lè bára mu, ṣùgbọ́n nọ́ńbà wọn kì í bára mu.

Bọ̀dá Ràúfù, ọ̀gá mi, ọmọ ìlú Bàbáńlá, ló kọ́ mi. Òfin wọn ni pé kí n tó dá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni dúró, kí n pè é, kí n ka nọ́ńbà iṣẹ́ náà sí i létí, kí òun náà kà á padà fún mi. "Àbúrò mi, orúkọ nìkan ò tó," ni wọ́n máa ń sọ. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń ṣe bí aáfà ilé kéú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, iṣẹ́ mi há sórí ẹ̀rọ. Mo fẹ́ dá a dúró kí n tètè máa lọ sílé. Iṣẹ́ méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Mi ò wo nọ́ńbà, mi ò pe ẹnikẹ́ni.

Ti Bọ̀dá ni mo dá dúró; lẹ́yìn tó dúró ni mo tó wo nọ́ńbà rẹ̀: 4417. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó ṣòfò.

Wọ́n ti lọ sí Bàbáńlá. Ọ̀gá àgbà wa pè wọ́n lórí fóònù níṣojú mi, ó bú wọn pé wọ́n ti ba iṣẹ́ jẹ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbọ́, mo panu mọ́. Wọ́n gun ọ̀kadà padà bọ̀ nínú òjò. Wọn ò dé.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ wọn, èmi nìkan wà ní ọ́fíìsì, òjò ń rọ̀. Iṣẹ́ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Orúkọ Bọ̀dá ló wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ti yọ orúkọ wọn kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo wo nọ́ńbà rẹ̀: 4417. Nọ́ńbà iṣẹ́ tí mo dá dúró gan-an ni.

Fóònù orí tábìlì wọn dún. Wáyà rẹ̀ ti já tipẹ́, ẹ gbà mí gbọ́. Mo gbé e. Mo gbọ́ ìró òjò, lẹ́yìn náà ohùn kan, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Àbúrò mi, kà á fún mi."

Tí mo bá kà á, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú," ni mo wí.

"Kà á."

Mo sọ fóònù sílẹ̀, mo sá jáde sínú òjò.

Ó ń dùn mí títí di òní. Ìyàwó wọn ṣì gbà pé ọkọ òun ló ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn tí mo padà. Iṣẹ́ náà ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà, kò parí, kò sì ṣeé dá dúró. Fóònù yẹn tún dún láàárọ̀ yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí irú iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ pe ẹni tó ni iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kà á fún un nígbà tó ṣì wà láyé láti dá yín lóhùn.